Náílọ́ọ̀nù Inú Aṣọ Jilali

"Ẹ yọ náílọ́ọ̀nù yẹn kúrò lára yín, Bàbá Nuha! Ṣé ẹran ni yín tí wọ́n fẹ́ wé sínú fíríìjì?"

Turiya ti fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀, Jilali onígbàjámọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ti fi náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n ń kó pàǹtí sí wé ikùn ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì ń fi aṣọ òtútù bò ó mọ́lẹ̀. Oòrùn Ramadan ṣì wà lórí odò. Ó ku wákàtí méjì kí wọ́n ṣínu.

"Jẹ́ n kọjá. Kìlómítà mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ lónìí."

Ìdajì máratọ́ọ̀nù ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, kìlómítà mọ́kànlélógún. Nuha, ọmọ wọn tó ń kàwé ní ìlú Fez, ló fi orúkọ òun àti bàbá rẹ̀ sílẹ̀. "A jọ máa sáré kọjá afárá ni, Bàbá," lọ́mọ wí. Láti ọjọ́ náà ni Jilali ti ń bá ikùn rẹ̀ jà.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Salé níbí, nílẹ̀ Mòrókò, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀, ẹ lọ wo etí odò: ọkùnrin rẹpẹtẹ, náílọ́ọ̀nù nínú aṣọ, wọ́n ń sáré nígbà tí ọ̀fun gbẹ. Ta ló kọ́ wọn pé òógùn ló ń yọ́ ọ̀rá ikùn? Ẹnìkan tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Bí ẹni yẹn bá ní kí wọ́n dé ìkòkò sórí, wọ́n á dé e.

"Kílò kan ààbọ̀ ni mo fi sílẹ̀ lánàá," Jilali wí. "Ìwọ̀n kì í purọ́."

"Ìwọ̀n kì í purọ́. Ẹni tó gùn ún ló ń purọ́ fún ara ẹ̀." Batul ló dáhùn láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Jilali ni, nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti sá irú eré ìje yìí nígbà méje. "Nígbà tó o ṣínu tán lánàá, ṣé o tún gùn ún?"

Jilali bẹ̀rẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀.

"O ò gùn ún. Omi lo fi sílẹ̀. Ife omi díẹ̀, kílò rẹ ti padà wálé. Ọ̀rá ikùn ò kúrò níbì kan."

Jilali jókòó sórí àpótí, okùn bàtà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ní fèrèsé bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Àǹtí, ẹ ò mọ adùn ẹ̀ ni. Tí mo bá ti sáré kọjá ọkọ̀ àwọn apẹja, ilẹ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí òwú. N ò ní làágùn mọ́. Òtútù á rọra mú mi, nínú oòrùn. Afárá á máa léfòó. Lánàá, mo rí Màmá wa olóògbé létí omi. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé abọ́ omi dání, wọ́n ń fọwọ́ pè mí. Àlùbáríkà ààwẹ̀ ni."

Turiya fọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ èyí rí.

Batul gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Àlùbáríkà kọ́. Omi ti tán lára ẹ, o tún wá fi náílọ́ọ̀nù sé ooru mọ́nú. Ẹni tó ń sáré nínú ooru tí òtútù mú, tí òógùn ẹ̀ dá, tó ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Kó wá ibòji, kó bọ́ aṣọ, kó ṣínu kó mumi, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run tó ní ká gbààwẹ̀ ló ní kí aláìsàn san án lọ́jọ́ mìíràn."

"Eré ìje wá ńkọ́?"

"Ta ní kó o má sá a? Ṣínu, mumi, sinmi wákàtí méjì, kó o tó lọ sáré nínú afẹ́fẹ́ odò. Máa mumi díẹ̀díẹ̀ títí di sààrì. Dín kìlómítà kù nínú ààwẹ̀. Tí ìtọ̀ rẹ bá ṣú bíi tíì, má sáré lọ́jọ́ náà. Náílọ́ọ̀nù, fi kó pàǹtí."

Jilali rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ṣì wà lójú oorun. "Ṣùgbọ́n Màmá ń pè mí, Àǹtí. Ó kù díẹ̀ kí n dé ọ̀dọ̀ wọn."

Batul fa fóònù yọ, ó tẹ nọ́ńbà, ó nà án sí i.

"Ó ti ń dún. Sọ fún Nuha pé o ti rí ẹlòmíì tẹ́ ẹ jọ máa kọjá afárá."