Ẹ̀bùn Kérésì fún Etí Bàbá

Ọkùnrin náà ki òwú bọ etí rẹ̀ méjèèjì, ó gbé awò arúgbó kan tó nípọn bí ìdí ìgò sójú, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni. Báyìí ló ṣe dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù rédíò kan ní Ìtòrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1985 ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tó ń táràrà wá ibi tí wọ́n ti ń tan rédíò.

Adébùsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkùnrin yìí, ó wo ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́kọ́ fẹ́ yí padà sílé. Ẹ má dá a lẹ́bi. Tíṣà ìṣirò ni nílé ìwé girama àwọn obìnrin, kò sì fẹ́ràn kí àgbàlagbà máa ṣe bí ọmọdé lójú ọjà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ó sì ń dán, ó wá ń bá rédíò wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìwọ náà, dá mi lóhùn, mo bẹ̀ ọ́." Bùsọ́lá bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe?" ó béèrè.

Kò gbọ́. Ó ní láti pariwo kí ọkùnrin náà tó yọ òwú etí kan.

"Mò ń ra ẹ̀bùn fún ìyá ìyá mi ní Ayépé," ó ní. "Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ìka wọn sì ti le. Tí mo bá fi ojú tèmi yan rédíò, ara mi ni mo rà á fún. Awò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo yá."

"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ti ìyá àgbà náà ni?"

"Rárá o, tèmi ni. Mo fọ̀ ọ́ kí n tó jáde nílé."

Gilbert lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni nídìí omi ẹ̀rọ. Bùsọ́lá ní tirẹ̀ wá ra ẹ̀bùn fún bàbá rẹ̀, Bàbá Ernest, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti mọ èyí tó fẹ́: rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń jó lójú rẹ̀. Gilbert wo ẹ̀rọ náà, ó wo Bùsọ́lá.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín."

"Láti ṣe kí ni?"

"Kí ẹ di ẹni àádọ́rin ọdún fún ìṣẹ́jú díẹ̀."

Bí tíṣà ṣe wọ ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí nìyẹn, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé. Ó fẹ́ tan rédíò, ẹnu ilé kásẹ́ẹ̀tì là gbàgà. Ó tẹ ibòmíì, ariwo sọ lu gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì ra rédíò kékeré kan tí ohun tí wọ́n fi ń yí i tóbi dáadáa. Inú rẹ̀ dùn, ó tún bí i nínú díẹ̀ pé àlejò ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan fún bàbá òun.

"Tí ọdún bá kọjá," Gilbert wí, "mo fẹ́ wá béèrè bí rédíò yẹn ṣe ń ṣe sí."

"Ṣé rédíò lẹ fẹ́ béèrè?"

"Rédíò ni màá fi bẹ̀rẹ̀."

Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dá, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Gilbert a máa dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwé ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á jọ rìn gba Òkè-Àjẹ lọ, Bùsọ́lá á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi kì í yọ nílé òṣìṣẹ́ omi. Ìfẹ́ wọn kì í ṣe onígbòónára. Ó jókòó sínú àwọn méjèèjì, ọkàn wọn sì balẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan ló ń dààmú Bùsọ́lá. Rédíò tó rà, Bàbá ń tan án sókè débi pé ilé kẹta ń gbọ́ ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ Bàbá ń ṣàròyé pé àwọn tó ń ka ìròyìn kì í lanu. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í lanu. Àlùfáà kì í lanu. Bàbá tó máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ti fi kíkà náà sílẹ̀, kì í lọ sípàdé mọ́, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ sọ pé etí ló fà á. Bùsọ́lá sọ ọ́ fún Gilbert, òun nìkan ló sọ fún.

Nípa ti Gilbert, Bùsọ́lá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Nílé wọn, ọkùnrin kò gbọdọ̀ wá kí ọmọbìnrin kí bàbá tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀, ó jókòó ti Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tú gbogbo ọkàn rẹ̀ jáde. Bàbá mi orí, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Bùsọ́lá wọlé lọ, ó fi ayọ̀ sunkún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ní kí Gilbert wá sílé lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Gilbert ò fẹ́ wá lọ́wọ́ òfo. Ó lọ sí Èkó, ó ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn: àpótí kékeré tó ń wọ àpò àyà, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gbà láti ara rẹ̀ lọ sínú etí. Ó yẹ kí Bùsọ́lá kìlọ̀ fún un nípa àṣà ilé wọn, àmọ́ inú rẹ̀ dùn jù, ó gbàgbé. Nílé Bàbá Ernest, ẹ̀bùn Kérésì kì í wọ yàrá ní bíbò. Bí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹbí á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á tú ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ènìyàn. Bọ̀dá George, àbúrò Bàbá, á gbé e sókè, á sọ ohun tó jẹ́, Bàbá á sì gbàdúrà lé e lórí.

Wọ́n gbàdúrà sórí aṣọ, wọ́n gbàdúrà sórí bàtà. Ó kan páálí Gilbert. Bọ̀dá George ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó sì kígbe sókè pé, "Ẹ̀rọ fún àwọn tí kò gbọ́ràn!"

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n tètè fi sí Bàbá létí, kí wọ́n lè gbọ́ tí oúnjẹ bá jinná. Bàbá rí i pé gbogbo ẹnu ló ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, Màmá Matilda, ìyẹn sì ní láti tẹ̀ síwájú kó sọ ọ́ sí i létí, lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rín náà kú.

"Ta ni ọmọkùnrin yìí?" Bàbá béèrè.

"Gilbert ni, Bàbá," Bùsọ́lá wí sókè. "Ẹni tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀, tí ẹ ní ó dáa."

"Èmi? Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi." Bàbá dìde. "Ọmọkùnrin, máa lọ. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi kò ní wá pè mí ní adití nínú ilé mi. Kò sí ìyàwó níbí."

Bùsọ́lá bá Gilbert lẹ́nu géètì. Ojú ń ti Gilbert débi pé kò lè wò ó.

"Mo di òwú sétí, mo wo awò arúgbó," ó ní. "Mi ò rò ó rí bó ṣe máa rí kí àgbàlagbà jókòó kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi í rẹ́rìn-ín."

"Èmi ni mo mọ àṣà ilé wa tí mi ò sọ fún ẹ."

"Ṣé o máa fi mí sílẹ̀?"

"Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ nígbà tí mi ò tíì mọ orúkọ ẹ, Gilbert. Ṣé ìsinsìnyí ni mo máa wá sá?" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fetí sílẹ̀. Mi ò ní fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé bàbá mi fi ẹnu ara wọn sọ pé kí n fẹ́ ẹ. Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíì. Máa lọ sílé, olólùfẹ́ mi, kó o jẹun."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó síwájú Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó débi tí Bàbá ti lè rí ẹnu rẹ̀. Kò pariwo.

"Ta ló sọ fún un pé mi ò gbọ́ràn?" Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi ni."

"O tú àṣírí mi."

"Mo tú u fún ẹni tí mo rò pé ẹ ti fún mi. Bàbá, mo jókòó síbí nínú òjò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹ mi orí. Ẹ ní, 'Ó dáa, ọmọ mi.'"

Gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ọmọ tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí ohun tí kò yé e ni Bàbá máa ń nà jù.

"Kí ni mo tún mi orí sí?" ó béèrè jẹ́ẹ́.

"Igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé."

"George ló gé igi mi! Látọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí i."

"Wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín, Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n máa gé e lọ."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ló jáde lójú rẹ̀. Bùsọ́lá ò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún rí, ó sì dùn ún wọra.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Tí mo bá ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n á tún un sọ. Tí mo bá tún béèrè, wọ́n á ní, 'Ẹ fi sílẹ̀, kò ṣe pàtàkì.' Mo rí i pé ó rọrùn kí n máa mi orí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò mọ̀ pé mo ti mi orí sí ọ̀rọ̀ ayé rẹ. Níbo ni ẹ̀rọ ọmọkùnrin yẹn wà?"

Abẹ́ aṣọ Màmá Matilda ló wà, nínú àpótí rẹ̀. Láàárín rúkèrúdò àná ló ti gbé e pamọ́, obìnrin náà mọ ẹni tó fẹ́. Wọ́n fi àpótí kékeré náà sí àpò Bàbá, wọ́n fi wáyà sí i létí. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ han gooro, Bàbá ṣépè fún un ní èdè Ìjẹ̀bú. Bùsọ́lá yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá gbójú sókè.

"Ta ló ń gbálẹ̀?"

"Yétúndé ni, nílé kejì."

"Ó yá," Bàbá wí, ó gbá àpótí ìjókòó Bùsọ́lá mú, ó fà á mọ́ra. "Sọ fún mi nípa rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì pariwo mọ́ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òwú àti ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó máa fi dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti gba ariwo, Bàbá ti ń gbá itan ara rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Bọ̀dá George lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ igi.

Gilbert padà wá kí ọdún tuntun tó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé nǹkan kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì dìde.

"Mo wá bẹ̀ yín, sà. Mo dójú tì yín."

"Dìde. Ẹ̀bùn rẹ dára," Bàbá wí. "Ibi tí o ti gbé e fún mi ni kò dára. Ìyá àgbà rẹ ní Ayépé, ṣé wọ́n ti wá ń gbọ́ràn?"

"Rárá, sà. Rédíò nìkan ni mo rà fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé irú ẹ̀rọ yìí lọ bá wọn báyìí."

"Mú mi lọ bá wọn. Àgbà ni yóò bá àgbà sọ ọ́. Bí mo bá sì débẹ̀, màá sọ fún wọn pé kí wọ́n rán àwọn ẹbí yín wá tọrọ ọmọ mi."

Bùsọ́lá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà kígbe ayọ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Bàbá ti ń ka Bíbélì tẹ́lẹ̀. Bàbá wọ agbádá funfun, wáyà sì hàn kedere látinú aṣọ rẹ̀ dé etí rẹ̀. Àwọn kan ń wò ó, òun náà sì ń wò wọ́n padà. Nígbà tó kan ìbéèrè ẹni tó ń fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí, Àlùfáà rántí bí Bàbá ṣe rí tẹ́lẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ kígbe sí i létí.

Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má pariwo, Àlùfáà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo gbọ́. Èmi ni mo fi í fún un, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ."