Ẹni Tó Rán Omi Yíyí

"Olè! Olè orúkọ ni yín, Àǹtí! Ọ̀sán gangan lẹ fẹ́ jí iṣẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ẹnu Sisí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, tó ń na ìka sójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ o! Iná tó jó ilé yìí, láti inú ilé náà ni wọ́n ti dá a.

Aránbora ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé aṣọ sí wẹ́wẹ́, kó to ègé wọn pọ̀, kó sì rán wọn di aṣọ ìbora tí ojú kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń tẹ ìwé bátànì, àwòrán tí èèyàn ń wò gé aṣọ, jáde lóṣooṣù. Aránbora á ya bátànì tuntun sórí pépà, á rán ọ̀kan kí wọ́n lè rí bó ṣe rí. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ayàwòrán, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ìwé bá ti jáde, àwọn obìnrin láti ìlú dé ìlú á jókòó ti máṣíìnì wọn, wọ́n á máa rán ohun tí orí Aránbora gbé jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, bó bá ti fi bátànì ránṣẹ́, kì í pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ á fi dé pẹ̀lú ojú fífàro.

"Wọ́n ti dá a padà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ò mú mọ́."

Ìgbà méje ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà méje ni obìnrin yìí gbórí lé tábìlì ìgéṣọ tó sunkún, títí ó fi gbà pé ẹ̀bùn òun ti gbẹ lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta rèé tí kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù.

Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, tí obìnrin aládùúgbò kan gbé ìwé bátànì tuntun wá, tó fẹ́ kó bá òun wo igun kan tó ta kókó. Aránbora wo ẹ̀yìn ìwé náà, ara rẹ̀ bù máṣọ. Omi Yíyí nìyí! Bátànì tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yà, aṣọ búlúù tó ń yí po bọ̀ wá sí àárín bí omi tó ń wọ ihò lọ. Orúkọ Sisí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Sisí, mi ò pariwo lé ọ lórí," ni Aránbora wí. "Mo kàn béèrè ni. Níbo lo ti rí Omi Yíyí?"

"Inú orí mi! Àbí ẹ̀yin nìkan ni Ọlọ́run fún lọ́pọlọ?"

"Aṣọ búlúù àárín yẹn, ara kọ́tìnì yàrá mi ni mo ti gé e!"

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ní kọ́tìnì láyé ni?"

Ìyá tó bí àwọn méjèèjì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Ọ̀dọ̀ Aránbora ló ń gbé láti ọdún mẹ́rin. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ibẹ̀ ni ọkọ Aránbora ti wọlé dé pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tò lọ́rùn. Aránbora sáré bá a.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé wọ́n dá a padà!"

Ọkùnrin náà ò wojú rẹ̀. Ó yọ aṣọ ìnùjú, ó ń nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni pé eruku ayé ló wà níbẹ̀.

"Sisí ni mo bá nídìí máṣíìnì lọ́jọ́ tí mo yà á," ló wí. "Ìlara ló ń jà nínú rẹ. Ọwọ́ tìrẹ ti kú, o wá fẹ́ gba ti ọmọ ọlọ́mọ."

Háà! Ọkọ rere kọ́ nìyí! Ẹni tó jẹ oúnjẹ obìnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an! Ìyá wọn ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì burú ju ti gbogbo wọn lọ.

"Kúrò níwájú mi! Àgbà tó ń jowú ọmọdé! Ọwọ́ tí o fẹ́ fi fa iṣẹ́ àbúrò rẹ ya yẹn, kò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́ láyé!"

"Ìyá mi, ẹ má ṣépè fún mi!"

"Mo ti ṣẹ́ ẹ! Mi ò sì ní kó o jẹ!"

Lọ́jọ́ kejì, Sisí kó wọ yàrá iṣẹ́. Tábìlì ni o, máṣíìnì ni o, àpótí tí àwọn bátànì tó kù wà nínú rẹ̀ ni o, gbogbo rẹ̀ ló gbẹ́sẹ̀ lé. Wọ́n sọ Aránbora sí yàrá ẹ̀yìn, láàárín páálí fọ́tò àti àga tó ti kán. Obìnrin aládùúgbò yẹn ní kó kẹ́rù rẹ̀ kó máa lọ.

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbé Ìyá dé balùwẹ̀?" ni Aránbora dá a lóhùn. "Sisí ò lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Ó ní ó ń rí òun lára."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Láràárọ̀ ni Aránbora ń pọn omi gbígbóná, tó ń wẹ ìyá tó ṣépè fún un. Ìyá kì í bá a sọ̀rọ̀. Aránbora ń wẹ̀ ẹ́, ó ń nu ara rẹ̀, ó ń wọṣọ fún un, ó sì ń padà sí àárín páálí. Bí Sisí bá ń kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa súfèé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì ńlá kan tó kún fún lẹ́tà. Olóòtú ìwé bátànì ni.

"Èwo nínú yín ló ṣe Omi Yíyí?"

"Èmi ni, mà!" Sisí ti fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé wọ́n gbé oyè wá.

Olóòtú da báàgì sórí tábìlì. Lẹ́tà rọ̀ bí òjò.

"Ẹ jókòó, ẹ kà wọ́n. Igba àti mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Àwọn tó gé aṣọ wọn bí bátànì yín ṣe wí, kò pàdé! Àárín rẹ̀ yọ gọngọ bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹnìkan gé aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ tó ti kú sínú rẹ̀! Ẹ sọ fún mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Sisí. "Bóyá... wọn ò mọ aṣọ gé ni, mà."

"Gbogbo wọn? Ó dáa. Máṣíìnì rèé, aṣọ rèé. Ẹ rán ojú Omi Yíyí kan ṣoṣo kí n rí i."

Sisí mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé e, ó rán an, ó tú u, ó tún un rán. Òógùn bò ó. Èyí tó rán náà yọ gọngọ! Ọkọ Aránbora ń ta lọ, ó ń ta bọ̀.

"Mà, ara rẹ̀ ni kò yá lónìí."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá, àbí orí rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni Aránbora ti ti ẹ̀yìn wọlé, ó gbé omi ìwẹ̀ Ìyá dání. Ó rí ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó gbé omi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Wọn ò fi àyè abẹ́rẹ́ sí i," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ wí?" ni olóòtú béèrè.

"Ègé lásán ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, mà. Ìbú ìka kan tí èèyàn máa fi kún etí rẹ̀ kó lè rí ibi rán, inú lẹ́tà àlàyé ni mo máa ń kọ ọ́ sí, èyí tí mo máa ń fi ránṣẹ́ bí ẹ bá ti gba bátànì. Wọ́n ní ẹ ò gba èyí. Mi ò wá kọ lẹ́tà kankan."

Olóòtú bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni Aránbora? Aránbora tó ti fọ́jú?"

"Ta ló fọ́jú, mà?"

Olóòtú ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó fa lẹ́tà kan yọ, ó sì kà á sókè: ìyàwó mi ti fọ́jú pátápátá, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, àbúrò rẹ̀ ni kí ẹ máa bá ṣe láti ìsinsìnyí lọ. Ó yí i síta kí gbogbo wọn rí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ Aránbora ni!

Aránbora ò sunkún. Ó fa àga, ó gé ègé mẹ́jọ, ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn, ó sì rán an. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Sisí!" Ìyá ló pariwo láti orí àga. "Kí lo ṣe yìí?"

"Kì í ṣe èmi!" Sisí yí padà sí ọkùnrin náà bí ejò. "Òun ló kọ lẹ́tà! Àwọn bátànì mẹ́fà tó kù, kò tilẹ̀ fi wọ́n ránṣẹ́! Òun ló ní bí Àǹtí bá rò pé òun ò wúlò mọ́, yóò fúnra rẹ̀ kúrò nílé, òun á sì fi mí ṣaya!"

"Pa ẹnu rẹ mọ́, oníṣekúṣe! Ta ló kọ́kọ́ wá bá mi nínú yàrá fọ́tò?"

Ẹ wo bí òtítọ́ ṣe ń fi ẹnu ọ̀tá jáde! Wọ́n ń nu ẹrẹ̀ sí ara wọn lójú ìyá, lójú àlejò. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lu àyà rẹ̀.

"Ó ń wẹ̀ mí! Láràárọ̀ ló ń wẹ̀ mí! Ọmọ mi, mo kó èpè yẹn jẹ. Ṣé o gbọ́? Mo kó o jẹ!"

"Mo gbọ́, Ìyá mi," ni Aránbora wí. "Mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n tiyín dùn mí ju tiwọn lọ."

Olóòtú pa orúkọ Sisí rẹ́ lójú wọn níbẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ òun ò tún ní gba fọ́tò kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn méjèèjì ti di ẹrù wọn, wọ́n ti ń bú ara wọn lọ ní òpópónà.

Nígbà tí wọ́n ti lọ tán, olóòtú béèrè ohun tó kù.

"Àwọn tó ti gé aṣọ wọn ńkọ́? Ẹni tó gé aṣọ ìyá rẹ̀?"

Aránbora to àwọn ègé tí Sisí bà jẹ́ síwájú, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tíì tí wọ́n gbé fún olóòtú fi tutù. Lẹ́yìn náà ló gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi í sáàárín ègé kan àti èkejì. Omi náà pàdé, ó tẹ́, ó sì tún wá dà bí ẹni pé òkúta wà nínú rẹ̀ tó ń pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Inú ìwé oṣù tó tẹ̀ lé e ni ó ti jáde, pẹ̀lú orúkọ Aránbora lókè gàdàgbà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ sí i ni pé, "Ẹ má sọ ègé yín nù."

Ọdún kò yí tán tí Sisí fi já ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni wọ́n ti rí i, ó ń rán àpò tó ya, ìka rẹ̀ kún fún ọgbẹ́. Ní ti ọkùnrin náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ti kúrò, bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́yìn, ẹ̀rọ fọ́tò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹni tó máa ya fọ́tò àwọn aṣọ náà," ló wí. Ó ti wá ń pè é ní "ẹ". "Mo bẹ̀ yín. Èṣù ni."

Aránbora wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Òwú wà lẹ́nu rẹ̀, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ òwú náà lẹ́nu.

"A ti rí ẹni tó ń yà á," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá béèrè láti ìdí fèrèsé.

"Ẹnìkan ló ṣi ilẹ̀kùn kàn, Ìyá mi."