Erin Tó Mọ́ Jù

Lamduan ń fọwọ́ po ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mọ́ ìrẹsì àti iyọ̀ fún Buatong, erin wọn. Eyín ìyá arúgbó náà ti jẹ tán, kò lè rún koríko líle mọ́. Ó ti fi ẹ̀yìn gbé àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ kiri títí ẹ̀yìn ọ̀hún fi tẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀ bí odó, arìngbẹ̀rẹ̀ bí ayaba, ìyá tó bọ́ wa yó, gbà, jẹun."

Ọkọ̀ ńlá kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Prasoet tó wà á wá ní òun fẹ́ mú Buatong lọ sí ọgbà ìsinmi àwọn erin arúgbó. Inú Samrong, ọkọ Lamduan, ń dùn. Àmọ́ ọkàn Lamduan kò balẹ̀. Ẹ̀rín ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù.

"Ṣé ẹ kì í gun erin lọ́dọ̀ yín?"

"Rárá o, màmá! Àwọn àlejò kàn máa ń wẹ̀ fún wọn ni, wọ́n á sì jọ ya fọ́tò."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Ẹ̀yin náà, màmá! Bí àlejò bá ṣe pọ̀ tó ni."

"Bí a bá fẹ́ wá wò ó ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ pè wá ná."

"Ìyá Noi, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni?" Samrong jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Mo ti rí fọ́tò ọgbà wọn. Gbogbo erin ibẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun!"

Ọ̀rọ̀ yìí ni Dókítà Wilai bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ẹran ní àgbègbè náà, Lamduan ló sì ránṣẹ́ pè é.

"Dídán yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni Dókítà wí. "Bàbá Noi, bí ẹ bá wẹ̀ fún Buatong tán, kí ló máa ń ṣe?"

"Á bu iyẹ̀pẹ̀ dà sẹ́yìn ni. Ó máa ń bí mi nínú!"

"Ìpara rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń lé eṣinṣin, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Láàárọ̀ ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó sùn?"

Ìran olùtọ́jú erin ni Samrong, ìdáhùn kò jìnnà sí i. "Iyẹ̀pẹ̀ á wà ní ìhà tó fi lélẹ̀."

"Nínú fọ́tò yẹn, èwo ló ní iyẹ̀pẹ̀ lára?"

Samrong wo Prasoet. Prasoet wo fóònù rẹ̀.

"Kò sí ọ̀kan tó ní in lára. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ sinmi. Iṣẹ́ ni wọ́n tún fẹ́ mú un lọ ṣe," ni Samrong sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọgbà ìsinmi tòótọ́ wà o," ni Dókítà dáhùn. "Ẹ má kàn gba ohun tí wọ́n kọ sára pátákó gbọ́. Ẹ yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí àlejò bá ń gun erin, tàbí tó ń wẹ̀ fún un láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìsinmi. Níbi tó dára, òkèèrè ni àlejò ń dúró sí. Erin á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn, á yí nínú ẹrẹ̀ bó ṣe wù ú, wọ́n á máa tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò sì ní lé ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ ọ dàgbà."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa fa aláàánú wa lé ìkà lọ́wọ́.

Prasoet ti wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn wà á jáde. Samrong kò wò ó mọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń jẹ́ kí erin dọ̀tí, kí wọ́n gba Buatong."