Oògùn Ìsanra tí Ọláníran Fi Pamọ́

Ní ọdún 1993, tí Ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tétéètété, ọkùnrin márùn-ún kan ní Ògìdì ń ṣe àáró: oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Ọláníran wà lára wọn kí ìfun rẹ̀ tó lu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Kábà, wọ́n fa ẹnu ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, inú báàgì ni ìgbẹ́ ń dà sí. Ìfun tó kù nísàlẹ̀ ń sinmi, oúnjẹ ò gbà á kọjá mọ́. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n so méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ebè fún un, òun ò sì lè gbé ọkọ́ lọ sí oko wọn. Ó rù kan eegun. Bó bá ti gbóhùn wọn lójú ọ̀nà, yàrá ló ń sá wọ̀.

Ọláníran bá gba ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì lọ, ó ra oògùn ìsanra, ó fi pamọ́ sínú àpò àgbàdo kí Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ má baà rí i. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ rí róbótó. Gbogbo wọn ní ara ti yá. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dé oko.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kejì ku ọ̀la. Ní ọsibítù Kábà, Nọ́ọ̀sì Priscilla wo ojú rẹ̀, ó bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan. Ó ní rárá. Rónkẹ́ fi Ọlọ́run búra pé ọkọ òun kì í parọ́. Nọ́ọ̀sì gbé bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtìjú bo Ọláníran. "Ìyá Fisáyọ̀, má búra fún mi mọ́. Mo ń lo oògùn ìsanra."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀, ó kí i bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kíni. "Okun o, bàbá. Oògùn yẹn ń ṣe bíi họ́mónù, èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń mú jáde láti darí iṣẹ́ inú ara. Ìfun tí oúnjẹ ò gbà kọjá, awọ inú rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́. Oògùn yìí kì í jẹ́ kó tètè tún ara rẹ̀ ṣe, kì í sì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Tí a bá rán an lọ́la, ojú rírán lè ya, kí ìgbẹ́ dà sínú ikùn yín. Ó lè pa yín."

Ọláníran ní òun máa da oògùn náà nù lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó má dán an wò: ara ti gbójú lé e, dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Ó gbé báàgì rẹ̀ padà sí Ògìdì, ó sì jẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lájídé, tó dàgbà jù nínú wọn, tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló bi ọ́ léèrè gbèsè àáró?"

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó so ìfun rẹ̀, ó sì jinná.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ra oògùn ìsanra. Bí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ lọ rí dókítà. Tí wọ́n bá sì bi yín ní ọsibítù pé oògùn wo lẹ ń lò, èyí tó ń tì yín lójú jù ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ.