Ó Ku Bọ́tìnnì

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí. Bọ́tìnnì ló kù."

Bí Ìyá Aránṣọ ṣe sọ̀rọ̀ yìí tán, ó gbé téèpù rẹ̀ kọ́rùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Oníbàárà náà, ọkùnrin kan tó ti wá títí ó fi sú u, mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ tó wá gbà ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì. Àlùmọ́gàjí kò tíì kàn án.

Ọmọbìnrin Ìyá Aránṣọ ń gé òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọ náà, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún jẹ́ ọmọ aránṣọ.

"Màámi, ẹ ò tíì gé aṣọ yẹn o."

"Kí n wá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó lè jókòó síbí kó máa kanra mọ́ mi? Ṣé o rí bó ṣe fẹ̀rín jáde? Ta ni ọ̀rọ̀ dídùn pa rí?"

Abẹ́rẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kó gbà? Láti kékeré ló ti ń rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń lé ìbínú kúrò lójú èèyàn.

Lọ́sàn-án, tí ilé ìwé bá ti jáde, gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló máa ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ogúnléndé sí, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn lódìkejì ẹnubodè. Bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlà pupa ṣì wà nílẹ̀, àwọ̀n náà ṣì wà lókè. Ní báyìí, wọ́n ti ta okùn káàkiri, wọ́n fi aṣọ ìbùsùn kọ́ sórí rẹ̀, àárín aṣọ méjì sì ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń pè ní yàrá. Bí ọmọ kan bá wúkọ́, gbogbo ilé ló ń gbọ́.

Kò sẹ́ni tó fipá mú Abẹ́rẹ́ wá síbẹ̀. Ó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, wọ́n sì fi í sídìí aṣọ. Òun ló ń ṣa aṣọ tí àwọn ará ìlú bá kó wá, òun ló ń so okùn bàtà ọ̀tún mọ́ ti òsì kí ọ̀kan má baà sọnù, èyí tó bá sì ya, òun náà ni yóò rán an. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni Nọ́ọ̀sì, olórí gbọ̀ngàn náà, ti kìlọ̀ fún un.

"Ohun tí o bá fojú ara rẹ rí nìkan ni kí o máa sọ níbí. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, ní o kò mọ̀. Má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ létí. Lójú tirẹ̀, Nọ́ọ̀sì ti le jù. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti jóná, ṣé kò yẹ kéèyàn rí ọ̀rọ̀ tútù sọ fún un ni?

Ìyá kan wà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Màmá Ẹnu Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sá kọjá odò, èrò pọ̀, wọ́n ń ti ara wọn, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àtìgbà náà ni kò ti rí ọmọ náà mọ́. Ó wá bá Abẹ́rẹ́ nídìí aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀.

"Kò ga ju báyìí lọ. Ọmọ mi, bá mi wá ṣòkòtò onírọ́bà, torí òmíràn kì í dúró nídìí rẹ̀. Wàá dá a mọ̀ tó bá dé. Ó lápàá níwájú orí, orí àtẹ̀gùn ló ti já bọ́."

"Ibo ló wà báyìí, mà?"

"Ó ń bọ̀." Ìyá náà wo ojú rẹ̀. "Àbí kò ní wá?"

Abẹ́rẹ́ yíjú sí òkìtì aṣọ. Ó bá a wá ṣòkòtò, ó sì tún rí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já. Ó ní òun yóò mú un lọ sílé láti tún un ṣe.

Kò pẹ́ sígbà náà ni awakọ̀ tó ń gbé omi wá sọ pé òun rí àwọn ọmọ kan tí kò tíì rí òbí wọn ní ibùdó ogúnléndé mìíràn lókè odò, pé ọ̀kan nínú wọn lápàá níwájú orí. Abẹ́rẹ́ ju òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sáré lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì.

"Ọmọ wo ni kò lápàá?" ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Mo ti ránṣẹ́ lọ béèrè. Jẹ́ kí èsì dé ná."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, Màmá Ẹnu Ọ̀nà kò jẹun. Oúnjẹ rẹ̀ ti tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Abẹ́rẹ́ wò ó títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Wọ́n ti rí ọmọ yín."

Ìyá náà di apá rẹ̀ mú. "Níbo?"

"Ní ibùdó òkè odò. Awakọ̀ rí i. Wọ́n á mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó kù kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bíi pé Ìyá Aránṣọ ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Ẹnu Ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín! Ó fa abọ́ oúnjẹ sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Ó wẹ̀, ó ya irun rẹ̀. Inú Abẹ́rẹ́ dùn dé ilé.

Ọjọ́ kejì ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀, kò sì ráyè lọ sí gbọ̀ngàn mọ́ títí ọjọ́ Ẹtì fi pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ṣe gbé gègé sílẹ̀ ló sáré gba ibẹ̀ lọ, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ti pé.

Gbọ̀ngàn ti ṣófo. Okùn nìkan ló ta gbalaja, kò sí aṣọ lórí rẹ̀, ìlà pupa sì hàn ketekete nílẹ̀. Màmá Ẹnu Ọ̀nà wà ní ibi tó máa ń jókòó sí, ó ti wẹ̀, ó ká ṣòkòtò kékeré náà lé itan. Nọ́ọ̀sì fa Abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìlú kan gbà láti gba gbogbo wọn," ló wí. "Ilé tó nílẹ̀kùn, iṣẹ́, gbogbo ẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì dé lánàá, wọ́n sì kó wọn lọ. Mo bẹ ìyá yìí títí, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní òun ò ní fi ọmọ òun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pé ìwọ lo sọ pé ọmọ náà ń bọ̀ lónìí. Abẹ́rẹ́, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

"Èsì dé láàárọ̀ yìí. Ìyá ọmọ tó lápàá yẹn ti wá mú un lọ. Wọn ò mọ ibi tí ọmọ Màmá Ẹnu Ọ̀nà wà."

"Ṣé kò sí bọ́ọ̀sì mìíràn?"

"Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn sì fẹ́ gbà á padà. Inú àgọ́ tapólì tó ti kọ́kọ́ gbé lẹ́nubodè ni wọ́n ń gbé ìyá yìí padà lọ nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ti ṣàlàyé fún un, kò gbà mí gbọ́. Ó ní èmi ni mo burú, ìwọ lo láàánú." Nọ́ọ̀sì nu ojú rẹ̀. "Ìwọ ni kó o lọ sọ fún un."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ ni mo pa. Mi ò rí ọmọ yín. Kò sẹ́ni tó rí i."

"O ní ó kù kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀."

"Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ni."

Màmá Ẹnu Ọ̀nà wo ṣòkòtò tó wà lórí itan rẹ̀. "Mo jẹun," ló wí. "Mo jẹun, mo wẹ̀, mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì lọ."

Ó gba ẹ̀wù náà, ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ká a, ó gbé e lé ṣòkòtò náà, ó sì kó méjèèjì fún Abẹ́rẹ́. Kò bú u. Ìbá ti sàn díẹ̀ ká ní ó bú u. Nígbà tí ọkọ̀ dé, òun nìkan ló wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà ló ń wò títí ọkọ̀ fi yà. Kò wo Abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, oníbàárà ọjọ́sí tún ti dé.

"Bọ́tìnnì ló kù, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyá Aránṣọ ń sọ. "Àbí, Abẹ́rẹ́?"

"Rárá, mà. Ẹ ò tíì gé e. Ó wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì."

Ọkùnrin náà pariwo, ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọmọ náà, ó fà á mọ́ra. Abẹ́rẹ́ sunkún, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò rí ọ̀rọ̀ dídùn kankan sọ.

Ohun tí Abẹ́rẹ́ kọ́ lọ́jọ́ náà kò sí nínú ìdánwò rẹ̀. Ẹni tó ń dúró de aṣọ lè fara da irọ́, yóò kàn bínú ni, yóò sì relé. Ẹni tí kò nílé mọ́ kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún un lọ, òun ni yóò fi pinnu bóyá kí òun lọ tàbí kí òun dúró. Bí a bá láàánú irú ẹni bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni ká sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ "n kò mọ̀" nìkan la ní.

Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni kò sí.