Tàdáwà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọwọ́ Òsì

Ẹni tó bá ń parọ́ máa ń fi irọ́ náà gbé ara rẹ̀ ga ni. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò gbé mi ga rárá, nítorí náà, ẹ gbà á gbọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ayàwòrán ni mí ní ilé ìtẹ̀wé kan. Àwòrán inú ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni iṣẹ́ mi, gègé àti tàdáwà ni mo sì fi ń yà á. Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ gègé dé góńgó. Ìgò tàdáwà kan ṣoṣo ni èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń lò. A fẹ́ràn bí ẹnu gègé ṣe máa ń ha bébà, kín-ín, kín-ín. Ọlọ́wọ́ òsì ni àbúrò mi. Bó bá ti ń fa ìlà, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á máa gba orí tàdáwà tútù kọjá, á dúdú láti ọmọ ìka kékeré dé ọrùn ọwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Màámi á bu omi sínú abọ́.

"Ọlọ́wọ́ Dúdú," ni ó máa ń pè é. "Wá síbí kí n fọ ọ́."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ibà pa á. Ìbànújẹ́ dorí Màámi kodò. Ó ní kí n kó gbogbo bébà ọmọ náà jóná, òun ò fẹ́ rí wọn mọ́. Mo jó wọn. Ẹyọ kan ni mo yọ sílẹ̀. Màámi fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ń ya òun.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló mú mi yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé ìtẹ̀wé ń wá ayàwòrán. Tèmi dára, àmọ́ ó máa ń le gbagidi, bí ẹni tí wọ́n ní kó má mí nítorí fọ́tò. Írésà kì í pa tàdáwà rẹ́. Bíléèdì la fi ń ha á, a ó sì fi èékánná dán ojú ibẹ̀ kí tàdáwà tuntun má baà tàn ká. Bí mo ṣe ha orúkọ àbúrò mi kúrò nìyẹn, tí mo kọ tèmi sí i. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ọ̀gá fi férémù sí àwòrán náà, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Èmi àti Màámi la jọ ń gbé. Ní ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, ó pè mí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, dókítà sì ti sọ pé òsì ò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

"Ṣé kò sí ọ̀kankan tó ṣẹ́ kù nínú àwòrán àbúrò rẹ?"

"Màámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n jó wọn."

"Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń kábàámọ̀ rẹ̀. Mo kàn ní kí n bi ọ́ kí ojú kan tó kù yìí tó fọ́."

"Kò sí, Màámi."

Mo sọ ọ́, mo sì ń wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dìde níbi iṣẹ́ láti lọ fọwọ́, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì mi dúdú, láti ọmọ ìka kékeré dé ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń yàwòrán. Mo fọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó tún padà, ó tutù. Obìnrin tó ń kọ lẹ́tà sára àwòrán wa wò mí láti orí tábìlì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ òsì náà ti fẹ́ máa gba owó oṣù ni?"

Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú, mo wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ọ̀sán gangan ni. Iná ti lọ, fáànù ti dákẹ́, obìnrin náà ti lọ jẹun. Mo gbé gègé kúrò lórí bébà. Ìró rẹ̀ ò dúró. Kín-ín. Kín-ín. Ọ́fíìsì ọ̀gá ló ti ń wá, ọ̀gá ò sì wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó dákẹ́. Àwòrán nìkan ló wà lára ògiri, Màámi nínú rẹ̀, orúkọ mi nísàlẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Inú rẹ̀ funfun báláú. Ọwọ́ mi dúdú, kò tíì gbẹ.

Mo yọ àwòrán náà nínú férémù, mo gbé e lọ sílé. Ẹ wá gbọ́ ìwà mi: ojú ọ̀nà ni mo ti ro irọ́ mìíràn. Màá ní mo ṣèèṣì rí i nínú àpótí àtijọ́ ni. Mo ti ara mi mọ́ yàrá, mo mú bíléèdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha orúkọ mi. Bébà ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ha tirẹ̀. Bíléèdì lu ú já.

Mo gbé e fún Màámi bẹ́ẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú òsì. Ó pẹ́. Ó rí maṣíìnì, ó rí abẹ́rẹ́, ó rí ara rẹ̀. Ìka rẹ̀ wá bọ́ sínú ihò.

"Kí ló wà níbí?"

Irọ́ náà wà lẹ́nu mi, kò jáde. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó gba ọwọ́ òsì mi, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi mọ́ tónítóní. Mo gbé omi àti ọṣẹ lọ bá Màámi. Ó gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ lé àyà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n fọ ọ́."

"Gbé omi yẹn kúrò. Kò tíì ṣe tán."

"Ta ni, Màámi?"

Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún mi.

Ó ti di oṣù méje. Mi ò tíì mú gègé látìgbà náà. Gbogbo wọn wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo so ó. Bó bá ti di ọ̀sán, Màámi á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, n ó sì máa gbọ́ ìró gègé nínú yàrá. Ìtìjú ò jẹ́ kí n kanlẹ̀kùn. Lánàá, mo jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà, mo tẹ́tí. Ìró náà dúró. Mo gbọ́ omi tó ń dà sínú abọ́. Mo gbọ́ ohùn Màámi, jẹ́jẹ́.

"Wá síbí kí n fọ ọ́."

Mo ti dìde, ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn, kí n tó rántí pé tèmi mọ́ tónítóní.