Ìṣẹ́tí Oníka Mẹ́rin

"Ìyá tó kọ ọmọ sílẹ̀, kí ló tún ń wá lára ọmọ?"

Orogún aránṣọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ti àwọn oníbàárà tó jókòó. Aránṣọ ń rán aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í dùn ún mọ́. Ọkàn rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí. Ọkọ rẹ̀ ló lé e jáde nítorí obìnrin yìí, tó gba ọmọ ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kó fojú kàn án mọ́. Bí ọdún bá ti yí, aránṣọ á rán aṣọ, á fi lé bàbá ọmọ lọ́wọ́. Bàbá á gbé e fún ìyàwó tuntun, ìyẹn á sì sọ fún ọmọ pé òun ló rà á. Ìkà ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ọmọ ti dàgbà, ó ti ń béèrè ìyá rẹ̀. Ni orogún bá fà á wá, òun àti bàbá rẹ̀, pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí ìyá tí kò fẹ́ ẹ.

"Gbogbo aṣọ tó ti kan ara ọmọ yìí, ilé ìtajà ni mo ti rà á. Bí mo bá purọ́, kójú tì mí níbí."

Aránṣọ wo aṣọ ọrùn ọmọ. Ó ti sún kọjá orúnkún sókè.

"Fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ rẹ," ló sọ fún ọmọ. "Ó nípọn, àbí? Ìka mẹ́rin ni mo ká pamọ́ síbẹ̀, kí o lè máa ga sí i. Òwú pupa ni mo fi gán an nínú."

Orogún kò di abẹ́rẹ́ mú rí. Bí aṣọ bá ti kúrú, jíjù ló ń jù ú nù. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó fi abẹ tú u. Òwú pupa já bọ́. Aṣọ tú wálẹ̀ bo orúnkún ọmọ, apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì ń dán.

Ọmọ yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, ta ló rán an?"

Bàbá wolẹ̀. "Ìyá rẹ ni. Gbogbo wọn pátá, òun ló rán wọn."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Orogún di ọmọ lọ́wọ́ mú pé kí wọ́n máa lọ. Ọmọ yọ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú àwọn oníbàárà ní kí orogún jọ̀ọ́, kó júwe ilé ìtajà náà fún òun, kí òun náà lè ra irú ẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Orogún nìkan ló dá jáde. Bàbá dúró, kò sẹ́ni tó fún un níjòókòó.

"Báwo lẹ ṣe mọ bí mo ṣe ga tó?" ni ọmọ béèrè.

"Àwọn ọmọ àdúgbò tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ni mo máa ń wọ̀n."

Aránṣọ ń retí kí inú òun dùn, kò tíì dùn.

"Ẹ wọ̀n mí wàyí, màámi."

Ó mú téèpù, ó gbé e lé èjìká ọmọ. Omijé tó ti gbẹ láti ọdún wọ̀nyí wá bò ó lójú. Ó ní kí ọmọ dúró dáadáa, òun kò rí nọ́ńbà.